Yàrá Ẹni Méjì ní Newry

Bí ẹ bá rí Làtíìfù Mákánjúọlá ní Rye Lane ní àárọ̀ kùtù, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló máa ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù títí dé òpin rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Yóò lọ sílé bàbá òyìnbó kan nítòsí ọgbà Peckham Rye, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò wọṣọ fún un, yóò po ògì òyìnbó fún un, yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò gba ilé arúgbó mìíràn lọ. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìwé nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú tí mo fi ní kí n sọ tirẹ̀.

Ohun kan ló ń jẹ ọkàn Làtíìfù. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tó ti fojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní òun máa lò nígbà tó kúrò ní Ìwó, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀sẹ̀ méjì ìlú òyìnbó ṣe máa ń gùn. Bàbá rẹ̀ kú, inú fóònù ló ti gbọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tó yá, ìjọba fún un níwèé ìgbélùú ọdún méjì ààbọ̀. Ìwé yẹn náà tán, ó tún fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́, ó di oṣù mẹ́jọ tó ti ń retí èsì. Ẹni tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bá sì wà lọ́hùn-ún, tó bá jáde kúrò nílùú, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fà á ya. Ìyá náà ti béèrè físà London lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fún un. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni tìyá-tọmọ ṣe jókòó sí Ìwó àti Peckham, tí wọ́n ń wo ara wọn nínú fóònù.

Hameedah, àbúrò Làtíìfù tó ń gbé ní Dundalk nílẹ̀ Ireland pẹ̀lú Roqeeb ọkọ rẹ̀, ló wá bímọ. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Yusrah. Ireland fún ìyá ní físà oṣù mẹ́ta kó lè wá tọ́jú ìkókó, Ireland nìkan ṣá. Inú gbogbo ẹbí dùn. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwọn aláyọ̀ ò ronú kàn. Nígbà tí ìyá wà ní Ìwó, Làtíìfù ti gba kámú, ó ti fi sọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tó wá di pé omi kékeré kan péré ló wà láàárín wọn ni ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, tí oúnjẹ ò wọ ọ̀fun rẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyí tí Cornelius fi rí káàdì kan. Cornelius ni wọ́n jọ ń gbélé, ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣẹ́ iná mànàmáná, ẹni tó lè sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday kan, ó ń wá bátìrì nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnì, ló bá fa àpòòwé kan yọ lábẹ́ páásípọ́ọ̀tù Làtíìfù. Àwọn ọmọ Mísítà Malachi, bàbá òyìnbó tí Làtíìfù ń wẹ̀ yẹn, ni wọ́n fún un lọ́jọ́ Kérésì láti fi dúpẹ́. Ìsinmi òtẹ́ẹ̀lì ni: alẹ́ méjì, ẹni méjì, oúnjẹ àárọ̀ wà níbẹ̀, kí èèyàn ṣáà mú ìlú kan nínú àwọn ìlú Britain àti Ireland tí wọ́n tò sílẹ̀. Èèyàn lè pààrọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù kọkànlá ló sì máa kásẹ̀ nílẹ̀. Làtíìfù ti gbàgbé rẹ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ fi òtẹ́ẹ̀lì ṣe, òun tí òun ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni láti àárọ̀ dalẹ́.

Cornelius ní irọ́ ni, pé àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ṣí orúkọ àwọn ìlú sórí fóònù, àwọn méjèèjì jókòó ti tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìlú bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Òfin kan ni Cornelius fi ń dájọ́: ìlú tí wọn ò bá ti ń ta ata rodo, kì í ṣe ìlú. Ó ní wọ́n á kàn máa wo èèyàn ní Bath ni. Blackpool ńkọ́? Ta ló ń lọ sétí òkun nínú oṣù kọkànlá, àfi ẹni tí ayé ti sú. Edinburgh ni ilé bàbá òtútù, ibẹ̀ ni òtútù ti ń wá kí wa ní Peckham. Ó ní torí pé ẹni méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, òun á dé wíìgì, òun á tẹ̀ lé Làtíìfù bí ìyàwó. Làtíìfù ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ pé ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n kọ Dover, Dublin, Dundee sí ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀, torí Dublin ni Hameedah ti máa ń lọ ra ẹran halal tó bá fẹ́ ṣe àlejò.

Ó bi Cornelius bóyá Dublin wà lára ilẹ̀ ọba tiwa níbí. Cornelius ní ṣé kò rí i ni, ṣebí àárín Dover àti Dundee ni wọ́n fi í sí, nǹkan tó bá sì wà láàárín ilé ẹni, tẹni ni. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n o. A, B, D ni wọ́n fi to orúkọ àwọn ìlú, àgbàlagbà méjì wá ń fi í mọ ààlà ilẹ̀. Àmọ́ kí n má purọ́, èmi náà ì bá gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà, torí ohun tí ọkàn ẹni bá ń wá, kíá ni etí ń gbà á wọlé. Wọ́n tẹ Dublin. Èsì dé lójú ẹsẹ̀, ó kí Làtíìfù kú orí ire, ó ní yàrá ẹni méjì ti wà fún un láti Friday di Sunday. Ọjọ́ Monday tó tẹ̀ lé e gan-an ni ìyá máa padà sí Ìwó.

Ó pe Dundalk. Ìyá wọn, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀, Àjàgbé, Àjàgbé. Kó tó di alẹ́, gbogbo Ìwó ti gbọ́ lórí WhatsApp. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Láti ọdún méjìdínlógún, òòró ni Làtíìfù ti ń kí i, tòun ti fóònù létí.

"Fóònù ò mọ ìdọ̀bálẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ nílẹ̀, kí n fọwọ́ kàn án kí n tó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo tún máa wá."

Làtíìfù gbé ayọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń fi kànìnkànìn họ ẹ̀yìn Mísítà Malachi, ó ń ròyìn Dublin. Ọmọ Ireland ni bàbá náà fúnra rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, láti ìgbà èwe ló ti wà ní London, àmọ́ ilé ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ló bá bi í, bí ẹni ń béèrè bóyá ó mú agbòjò, pé ìgbà wo ló gba físà. Làtíìfù ní físà kẹ̀? Bàbá náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni, pé àwọn ọmọ onílùú lè wọlé kí wọ́n jáde bí wọ́n ṣe fẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbàwé. Ọwọ́ Làtíìfù dúró. Omi tutù sára bàbá arúgbó títí òun fúnra rẹ̀ fi béèrè táwẹ̀lì.

Ó wò ó lórí fóònù, òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni físà Ireland máa gbà, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rìnlá péré kí ìyá lọ. Nígbà tó délé, ó sọ fún Cornelius. Cornelius ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní kó jẹ́ káwọn pààrọ̀ rẹ̀ sí Belfast, pé ìyẹn dájú pé ọba London ló ni ín, pé bọ́ọ̀sì ń ti Dundalk lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró, kí Hameedah kàn gbé ìyá wá. Hameedah náà gbà. Roqeeb ni kò gbà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ bú Roqeeb. Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọlúwàbí ni. Ó ku oṣù méjì kó lọ búra láti di ọmọ Ireland, físà ìyá ò sì gbà á láyè láti kọjá ààlà. Ó ní lóòótọ́, kò sí géètì lójú ọ̀nà, àmọ́ òun ti gbọ́ nípa obìnrin kan tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí kò retí. Bí wọ́n bá mú ìyá arúgbó pẹ̀lú ìkókó nílẹ̀, kí la fẹ́ wí? Òótọ́ ló sọ, ohun tó dunni níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ọ̀tá wà, à bá bú u, ara ì bá tuni díẹ̀.

Mísítà Malachi ló mú ọ̀nà wá. Ọjọ́ kẹta, kí Làtíìfù tó pọnmi, bàbá náà ní kó fún òun ní bébà àti bírò. Ó fa ilà gbọọrọ kan, ó ní omi nìyẹn. Apá ìhín ni Warrenpoint, ilẹ̀ ọba. Apá ọ̀hún ni Omeath, ilẹ̀ Ireland. Ó ní Warrenpoint ni wọ́n bí òun sí, pé lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi kékeré ni àwọn fi ń fi bọ́tà ṣe fàyàwọ́ láàárín méjèèjì. Láti etí omi kan, ẹ máa rí aṣọ tí wọ́n sá lápá kejì. Omeath ò jìnnà sí Dundalk. Warrenpoint ò sí lára ìlú tí wọ́n kọ sílẹ̀, àmọ́ Newry wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì kò sì ní pẹ́ tó fi máa dé etí omi.

"Kò sẹ́ni tó ń béèrè físà lọ́wọ́ ojú," bàbá náà ní.

Báyìí ni wọ́n ṣe lo ìpààrọ̀ kan ṣoṣo tó kù, tí Dublin di Newry. Ìyá gbọ́, ó mí kanlẹ̀. Ó ní tí òun ò bá lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, òun á fojú kàn án. Wọ́n fi àdéhùn sí aago mọ́kànlá àárọ̀ Saturday. Làtíìfù á wọ jàlámíà funfun sórí jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè dá a mọ̀, ìyá á wé gèlè pupa rẹ̀. Cornelius, tí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó jókòó, lọ sọ́jà Deptford, ó ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó gbé e kọ́ Làtíìfù lọ́rùn bí ẹni ń fi oyè jẹ ènìyàn.

Friday ni Làtíìfù wọ bàálù lọ Belfast, ó wọ bọ́ọ̀sì dé Newry. Yàrá náà dára. Bẹ́ẹ̀dì méjì, táwẹ̀lì méjì, ife tíì méjì, bisikíìtì méjì nínú ọ̀rá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kan, ó ń wo ìkejì. Ojú fèrèsé rẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ Dundalk ti ń gbéèrò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí géètì, kò sí okùn tí wọ́n nà. Dírẹ́bà ń jẹ búrẹ́dì, àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé. Kò tó ìrìn wákàtí kan. Làtíìfù jẹ́ kí bọ́ọ̀sì náà lọ. Òmíràn dé, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn rẹ̀, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín wà níwájú mi báyìí."

Dírẹ́bà tilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

"Làtíìfù, ọdún méjìdínlógún lo fi kọ́ ilé yìí," ó ní. "Má torí mi yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀. Lọ sùn. Lọ́la, màá rí ọ."

Kò sùn. Ta ló máa sùn? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fa kọ́tìnì, kò rí ojú ọ̀nà. Kùrukùru ti bolẹ̀. Ó ní yóò ká kó tó di aago mọ́kànlá. Ó wọ jàlámíà, ó gbé awò kọ́rùn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Warrenpoint. Etí omi náà rí gẹ́gẹ́ bí Mísítà Malachi ṣe yà á: bẹ́ńṣì, irin tí èèyàn lè dì mú, kọnkéré tí òjò ti rin. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni omi. Làtíìfù ń gbọ́ bó ṣe ń lu òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí i. Ó gbé awò sójú, funfun. Ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, funfun náà ni.

Aago mọ́kànlá lù. Hameedah pè, ó ní àwọn ti dé Omeath, pé àwọn ò rí nǹkan kan, ṣé Bọ̀ọ̀dá ń rí nǹkan? Làtíìfù ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n dúró di aago méjìlá. Ó di aago kan. Kùrukùru ò ká, ó tiẹ̀ tún ń ki sí i ni. Láti Rye Lane dé ọgbà Peckham Rye, ibi tó ń fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́ láì mí hẹlẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Kò lè fẹ́ ẹ kúrò. Kò lè bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Làtíìfù sunkún lọ́jọ́ náà, kò ríran.

Nínú fóònù, Yusrah bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Hameedah sọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pé òtútù ti ń mú Màámi, ètè wọn ń gbọ̀n, àwọn ní láti máa lọ. Ìyá ní kó gbé fóònù fún òun.

"Àjàgbé, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Màámi."

"Kí mi."

Làtíìfù tẹ́ fóònù sórí kọnkéré, ó sọ ohùn rẹ̀ sókè. Ó bọ́ awò lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti jàlámíà funfun, ó fi àyà kanlẹ̀, ó kọjú sí ibi tí ohùn omi ti ń wá. Òtútù kọnkéré wọ ọ́ láyà. Obìnrin kan tó ń mú ajá rìn kọjá dúró, ó bi í bóyá ara rẹ̀ yá, ajá wá gbóòórùn orí rẹ̀. Kò dáhùn. Ó ní ẹ kú ìrìn Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àtọ̀dúnmọ́dún. Ó sọ gbogbo kíkí tí kò rí kí láti ọdún méjìdínlógún.

"Dìde," ìyá ní. "Mo rí ọ."

Làtíìfù gbé orí sókè. Kò tilẹ̀ rí òpin kọnkéré tó dùbúlẹ̀ lé.

"Ṣé ẹ rí mi, Màámi?"

"Mo rí ọ kedere. Aṣọ funfun yẹn yẹ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ ti gbòòrò bíi ti bàbá rẹ. Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, Màámi. Gèlè pupa yín ń tàn lọ́hùn-ún."

"Mo mọ̀ pé o máa rí i," ìyá ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wà nínú yàrá nígbà tí Hameedah fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ìyá dúró sétí omi, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí kùrukùru funfun. Kò wé gèlè. Fìlà òwú Roqeeb ni wọ́n dé mọ́ ọn lórí dé etí, torí òtútù. Làtíìfù wo fọ́tò náà títí fóònù fi kú. Nígbà tó máa kúrò láàárọ̀ Sunday, ọmọbìnrin tó ń gba kọ́kọ́rọ́ bi í pé ẹnì kejì rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jẹun.

Lọ́jọ́ Monday, bàálù gbé ìyá lọ. Ó ti sọ fún gbogbo Ìwó pé òun rí ọmọ òun, pé ó dọ̀bálẹ̀ fún òun lójú gbogbo ayé. Ní wákàtí yẹn, Làtíìfù ń fi ọṣẹ sí kànìnkànìn ní Peckham Rye. Mísítà Malachi bi í pé ṣé ó rí i. Ó ní òun rí i. Bàbá arúgbó bi í pé ojú ọjọ́ ńkọ́, torí òun mọ omi yẹn, òun mọ ohun tó máa ń ṣe nínú oṣù kọkànlá.

"Ó mọ́lẹ̀ kedere, sà," Làtíìfù ní.

Bàbá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé apá rẹ̀ sókè kí Làtíìfù lè fọ abẹ́ rẹ̀.